Ògiri Tí Ọwọ́ Bàbá Mósè Kò Mọ̀ Mọ́

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá Mósè ní Bantè láti kọ́ṣẹ́ másọ̀n, kò fún mi ní irin iṣẹ́ kankan. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n wọ inú amọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Nígbà tí ìyá mi rí mi nírọ̀lẹ́, ó bi mí bóyá iṣẹ́ ni mo lọ kọ́ ni àbí ìjà ni mo lọ jà.

Amọ̀ la fi ń kọ́lé nígbà náà. A ó mọ ipele kan yí ilé po, a ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Ibi tí ipele méjì ti pàdé máa ń yọ díẹ̀, bí àpá ọgbẹ́ tó ti jinná. Báyìí ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí òun náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló tẹ amọ̀ tirẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ni ipele tirẹ̀. Amọ̀ ipele ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rèbékà, ló tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà kú kí wọ́n tó kan òrùlé.

Lọ́dọọdún, bí àjọ̀dún ìjọ bá pé, Bàbá Mósè á dúró ti ògiri, á fọwọ́ kan ipele kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, á sì sọ ohun tí ojú àwọn tó ni ín rí: àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé bàbá wọn, àwọn tó fẹsẹ̀ rìn láti Agoua wá tẹ amọ̀. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ pa ọjọ́ náà jẹ. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, ìtàn náà kò yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gun ògiri, ẹnu rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e.

Nígbà tí àjọ̀dún ọgbọ̀n ọdún ń bọ̀, tí ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní rẹfolúsọ̀n ti fẹ́ kógbá sílé, ìjọ ń retí àlejò láti Savalou àti Kutonú. Olùṣọ́ ìjọ náà pè mí pé kí n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ògiri. Ọkàn mi kò gbà á. Mo lọ bá ọ̀gá mi.

"Bàbá, ìtàn yín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Lásísì, orí mi ni ìtàn wà, kò sí lára ògiri. Rẹ́ ẹ. Ilé Ọlọ́run kò gbọdọ̀ wọ àkísà lójú àlejò."

Mo fi àdá ṣá ara ògiri kí símẹ́ǹtì lè rí ibi dì mú, mo rẹ́ ẹ, mo fi pákó fà á títí ó fi tẹ́jú tí ó ń dán. Kí n má purọ́, mi ò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àìsàn kò jẹ́ kí Bàbá jáde ní gbogbo àkókò yẹn.

Ọjọ́ pé. Gbogbo wọn wọ funfun, wọn kò wọ bàtà. Mo fa ọ̀gá mi lọ́wọ́ dé ìdí ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀. Ọwọ́ náà yọ̀. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún yọ̀.

"Lásísì, ibo la wà?"

"Ìdí ògiri ni, Bàbá. Ìsàlẹ̀ pátápátá."

"Rèbékà ńkọ́?"

Ó pe orúkọ ìdílé kan, ó ní rárá, òmíràn ni. Ó pe ìyẹn náà, ó tún ní rárá. Ìyá àgbà kan fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àwa ló kàn, Bàbá!" Bàbá àgbà kan ní irọ́ ni, àwọn ni. Kí a tó mọ̀, àwọn àgbà méjèèjì ti ń jà lójú àlejò. Olùṣọ́ ní kí wọ́n dá orin. Wọ́n dá orin. Bàbá Mósè ṣì dúró síbẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé símẹ́ǹtì, omi ń bọ́ lójú tí kò ríran mọ́. Ó dùn mí wọ egungun.

Kò sọ ìtàn náà mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ fún èmi nìkan. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Èmi náà kò mọ̀ pé ọwọ́ ni." Ọyẹ́ ọdún náà ló mú un lọ.

Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti di ọ̀gá ní Savalou àti Djaloukou báyìí, èmi náà sì ti gbé irin sílẹ̀. Àwa másọ̀n máa ń sọ pé símẹ́ǹtì kì í pẹ́ lára amọ̀, pé òjò ni yóò bó o kúrò. Nítorí náà, bí òjò bá ti dá, mo máa ń lọ wo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà, bóyá ipele kan á ti yọ. Àwọn ará ìjọ á kí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá másọ̀n. Iṣẹ́ yín ò lanu rárá!" Mo máa ń fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí Ìyá Rèbékà wà. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kò tíì lanu.