Fọ́ọ̀mù Tí Pásítọ̀ Kọ̀ Láti Bọwọ́ Lù

Inú ṣì ń bí Morádéyọ̀ títí di òní, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Aránṣọ ni, Igbó-Elérin ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì kó tó wọ yunifásítì lọ kọ́ nípa iṣẹ́ inú ìjọ àti ìwà tó yẹ Kristẹni. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Sùnmọ́nù, ọmọ Àwórì paraku, rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́.

"Ìwà lo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì? Kí wá la kọ́ ọ nílé?"

Síbẹ̀, ó ń gbàdúrà fún un láràárọ̀.

Ní ọdún kẹta, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta nínú ìjọ kan, kí pásítọ̀ ibẹ̀ ka ìjábọ̀ rẹ̀, kó sì bọwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìjọ kan ní Òkòkòmáìkò ni wọ́n fi Morádéyọ̀ sí. Ó ń bẹ aláìsàn wò, ó ń ka Bíbélì fún àwọn àgbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn.

Oṣù kejì ni ọ̀rọ̀ Ìyanuolúwa ṣẹlẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni, òun ló máa ń lé orin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó lóyún. Dọ̀tun tó ń tẹ dùùrù, ọmọ alága ìgbìmọ̀ ìjọ, ló ni oyún náà, kò sì jiyàn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Pásítọ̀ ní kí Ìyanuolúwa dìde. Ó gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, ó ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pátápátá ni yóò máa jókòó sí títí yóò fi bímọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí Dọ̀tun tẹ orin ìrònúpìwàdà. Dọ̀tun sì tẹ̀ ẹ́.

Bí ìsìn ti parí, Morádéyọ̀ bá Pásítọ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn méjèèjì ló ṣe é. Kí ló dé tó jẹ́ ẹnì kan ló ń jìyà rẹ̀?"

"Sístà, ẹ̀kọ́ lo wá kọ́ níbí, o ò wá kọ́ wa."

"Ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ gan-an nìyẹn, sà."

"Bàbá Dọ̀tun ló ra jẹnẹrétọ̀ tí à ń lò. Ṣó o ti gbọ́? Máa lọ."

Morádéyọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìjábọ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ kà á dé ojú ewé kejì, ó ti fọ́ọ̀mù náà padà sí i láìbọwọ́ lù ú.

Morádéyọ̀ gbé ìjábọ̀ náà lọ bá Dókítà Adébímpé, obìnrin tó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìwà. Dókítà kà á tán, ó mí kanlẹ̀.

"Òótọ́ lo kọ. Ṣùgbọ́n lọ bẹ̀ wọ́n, kó o yọ ibẹ̀ yẹn kúrò. Bí wọn ò bá bọwọ́ lù ú, òdo ni wàá gbà."

"Mà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá dákẹ́ ti lọ́wọ́ sí i."

"Ìyẹn wà fún ìdánwò." Obìnrin náà sọ ọ́ tán, ó wolẹ̀.

Èyí dun Morádéyọ̀ ju ti Pásítọ̀ lọ. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gba òdo.

Ó wá lọ kí Ìyanuolúwa nílé wọn ní Ìbà. Ó rò pé ọmọ náà yóò dúpẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló dá a dúró sí.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ fi ọ̀rọ̀ mi kọ ìwé. Ṣé ẹ bi mí léèrè kẹ́ ẹ tó kọ ọ́?"

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn ará ilé, ó bẹ̀ ẹ́. Ìyanuolúwa ní kó dìde, kó wọlé wá mu omi.

Ó tún iṣẹ́ oṣù mẹ́ta náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ìjọ kékeré kan tí kò jìnnà sí bárékè sójà Ọ̀jọ́. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé ti jáde nígbà tó ń gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ìyanuolúwa bí obìnrin, ó sì ti ń kọrin ní ìjọ míì.