Ọjọ́ Méjì Tí A Fẹ́ Fi Gbá Gọ́ọ̀fù ní Òkè-Ògùn

Ọ̀rẹ́ mi ń lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Ó ní òun kàn ń lọ kí wọn ni, ṣùgbọ́n ó ti ta gbogbo àga ilé rẹ̀, ẹni tó ń lọ kí ọmọ kì í sì í ta àga. Ọ́fíìsì ìjọba kan náà la ti jọ ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ la ti kọ́ gọ́ọ̀fù, nítorí pé ọ̀gá wa ń wá ẹni tí òun á máa nà lórí pápá. Ó nà wá títí, à ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí a fẹ̀yìn tì, àwa méjèèjì wá ń na ara wa.

A pinnu pé kó tó lọ, àwa méjì péré á fi ọjọ́ méjì gbá gọ́ọ̀fù ní àwọn pápá kéékèèké ní Òkè-Ògùn. Kì í ṣe pápá olówó o. Níbi tó yẹ kí koríko tútù wà lẹ́bàá ihò, yanrìn tí wọ́n da epo ọkọ̀ sí ni, màlúù ló sì ń bá wọn gé ìyókù. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kó máa dá mi lẹ́bi bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ gbá sọnù, láìsí ẹnikẹ́ni láàárín wa.

Àṣìṣe mi ni pé mo lọ dágbére fún Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, n'Íbàdàn. Èèyàn kì í sùn síta lọ́dọ̀ wa kó má sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àfi ti Kánádà. Ẹnu mi ò gbà á.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àlhájà, bi mí pé kí ni gọ́ọ̀fù. Mo ní èèyàn á fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò. Wọ́n ní lẹ́yìn náà ńkọ́. Mo ní a ó yọ ọ́, a ó lọ síbi ihò mìíràn.

“Ṣé kò wá sí ihò lójú títì láti Màpó dé Ọjà'ba ni?”

Mọ́gàjí ò rẹ́rìn-ín. Orúkọ ìlú tí a ń lọ ni wọ́n dì mú. Wọ́n ní ìyàwó ilé wa kan ti ibẹ̀ wá, bàbá rẹ̀ kú, a ò sì tíì lọ bá wọn kẹ́dùn. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fi ẹsẹ̀ mi ṣe ọ̀nà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìrìn àjò náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ní kí n ra iṣu bọ̀, torí kì í wọ́n níbẹ̀. Ìbátan kan ní kí n yà wo ìdílé ọmọbìnrin tí ọmọ òun ń fẹ́, kí n fọgbọ́n wádìí wọn. Mo ní ìgbà wo ni màá wá gbá gọ́ọ̀fù. Wọ́n ní ihò ò ní sá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, Àlhájà àti ìyàwó ilé méjì ni mo bá nínú ọkọ̀ mi, àwọn àti kúlà oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé òkú, wọ́n gbé àpò igi gọ́ọ̀fù mi lé itan. Ọ̀rẹ́ mi dé, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá dúró, kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

“Àlhájà, ẹ dákun, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń lọ sílùú òyìnbó, kò sì ní padà wá.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì. Ọ̀rẹ́ mi wolẹ̀. Àlhájà wò ó, wọ́n tún wò mí.

“Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí? O ní eré lẹ ń lọ ṣe.”

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìyàwó tẹ̀ lé wọn. Àlhájà ní kí wọ́n fi kúlà kan sílẹ̀ fún wa. Ti òkú yẹn, àwọn á bá Mọ́gàjí sọ ọ́. Ẹni tó ti kú ò ní tún kú tí a bá sún ìkẹ́dùn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n wá di ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mú.

“Ogún ọmọdé kì í ṣeré f'ógún ọdún. Ẹ̀yin ti ṣe é kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ.”

Mo ti gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ gbogbo agbo ilé, ó ku àwa méjì péré bí mo ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n títí a fi jáde n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ló jókòó sáàárín wa.