Gáàdì Tó Ní Kí Ọkọ̀ Máa Lọ

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àbúrò mi, Gáàdì, pẹ́ nínú rélùwéè débi pé bó bá sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lu bẹ́ẹ̀dì bí ọkọ̀ tó ń kọjá lórí afárá. Ẹ gbà mí gbọ́. N kò jókòó ní kíláàsì rí, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibùdókọ̀ tí n kò kà tán, àti ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá.

Ní Oríta-Irin ni wọ́n ti ń já ọkọ̀ ojú irin sí méjì: iwájú á gba ọ̀nà etí odò, ẹ̀yìn á gba ọ̀nà òkè. Gáàdì á sọ̀ kalẹ̀, á wo ìdè àárín ọkọ̀ tí wọ́n tú, á fọn fèrè, á fi àsíá juwọ́ kí iwájú máa lọ, lẹ́yìn náà ni yóò wọ ọkọ̀ ẹ̀yìn. Bó bá fọn fèrè ọ̀hún, òkú á wá tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ di nọ́ọ̀sì ní etí odò. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, òbí ló ń fi báàjì sí nọ́ọ̀sì tuntun láyà. Ọmọ náà ti kìlọ̀: "Bàbá mi, gbogbo ọjọ́ ayé mi lẹ fi wà lójú irin. Bẹ́ ò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní pè yín síbì kankan mọ́."

Nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ pé, Gáàdì gba ìsinmi. Èmi àti ẹ̀ jókòó sí apá iwájú, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ò gbélẹ̀. Ó ń dìde, ó ń yọjú, ó ń gbọ́ irin.

"Jókòó jàre," mo ní. "Èrò ni ẹ́ lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ìró yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Tí ìyàwó ẹ bá ń hanrun, ṣé o máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni?"

A dé Oríta. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti wà lórí pèpéle. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdè, ó súfèé, ó fi aṣọ ìnujú aláwọ̀ ewé juwọ́. Awakọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ gbéra. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo ń pè é. Ó gbé ọwọ́ sórí kí mi bíi ṣọ́jà. Ìgbà tí ìrù ọkọ̀ wa kọjá níwájú rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọkọ̀ etí odò mìíràn kò sí títí di ọjọ́rọ̀.

"Bàbá Àgbà, bàbá mi dà?" ọmọ náà bi mí nígbà tí mo dé etí odò.

"Ó wà ní Oríta."

"Ta ló fi wọ́n sílẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká máa lọ."

Ó fi imú rẹ́rìn-ín, ó mú báàjì rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì wọ ọkọ̀ tó ń padà sí Oríta pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

A bá Gáàdì tó ń rìn síwá sẹ́yìn lórí pèpéle. Mo fi orí mi búra, símẹ́ńtì ibẹ̀ ti jin.

"Ọmọ mi, mo..."

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, Bàbá." Ó fi báàjì lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ tó mọ àsíá ò mọ báàjì. Ó fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn báàjì gún ọmọ láyà, ó tún gún un.

"Ẹ máa gún mi lọ," ọmọ náà ní. "Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ oògùn ẹ̀."

Nígbà tí a wọ ọkọ̀ ilé, ọmọ náà di etí aṣọ bàbá rẹ̀ mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fi pa dé.