Ọmọ Tí Mo Ní Kó Dúró Dè Mí

Mo ti purọ́ láyé mi, ẹ ó sì gbọ́ irọ́ náà kí n tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò sí lára irọ́. Ojú mi yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan, oòrùn sì ń ràn. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè pariwo.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà kan nítòsí Igbótako. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ẹ̀sì éèdì: bí a ṣe ń di bándéèjì, bí a ṣe ń fi igi ti ẹsẹ̀ tó bá kán. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni lẹ́tà dé pé kí a mú ọmọ méje wá sí àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀bá Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Gánà ń bọ̀, ti Dàhòmì ń bọ̀, àwọn ọmọ òyìnbó pàápàá ń bọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn débi pé mo ra bàtà tuntun.

Òfin kan wà tí mi ò fi ṣeré. Ọmọ tó bá ti gba aláìsàn sọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, ebi ìbáà pa á, àfi bí èmi fúnra mi bá dé, tí mo sì fi ẹnu sọ pé, "Mo gbà á. Máa lọ." Ẹni tó bá kúrò láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹgba ni yóò jẹ.

Lídíà ló mọ òfin náà jù nínú àwọn méje. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aládùúrà, púpurù, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ló ń ṣe tà. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bándéèjì tó bá dì, kò ní tú.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìrìn àjò, mo kó wọn lọ sí oko ọ̀pẹ láti lọ dánra wò. Mo fi koríko gbígbẹ kún àpò méje, mo wọ àwọn àpò náà láṣọ kí wọ́n lè dúró fún aláìsàn. Ẹ̀wù mi àtijọ́ kan tí kọ́là rẹ̀ ti ya ni mo wọ̀ fún ti Lídíà. Mo fi òun sí ìsàlẹ̀ pátápátá, létí odò. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláìsàn lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń lọ sílé.

Mo ti gba mẹ́fà nígbà tí mo gbọ́ fèrè mọ́tò kánsù lójú títì. Okitipupa ni wọ́n ń lọ, ibẹ̀ ni ìwé ìrìn àjò wa sì wà. Mo sáré lọ wọ mọ́tò. Mi ò ní àwáwí kankan: mo gbàgbé ọmọ náà bí ẹni gbàgbé agboòrùn.

Òjò rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ìjọ wọn ló gbé àtùpà wá a dé oko. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n bá a. Ó ti tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo àpò koríko náà kí òjò má baà pa á. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n gbé e, kò gbà láti dìde.

Ibà dé, àyà ríro tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ sì jókòó síbẹ̀.

"Tíṣà, ọma mi ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun dúró."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo tún rò ó pé mi ò ní í lọ sí àgọ́ mọ́. Mo ní, "Ìyá, mo ti ní kó máa lọ. Kò gbọ́ ni."

Ọmọ náà kú ní ọjọ́ karùn-ún. Mo kó àwọn mẹ́fà tó kù jọ, mo ní kí wọ́n wo ohun tí àìgbọràn ń fà. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi ọmọ tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu jù lọ ṣe àpẹẹrẹ aláìgbọràn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọmọ mẹ́fà la kó lọ sí Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ṣe ìdíje. Wọ́n tú àwọn ọmọ ká abẹ́ igi, oníkálùkù pẹ̀lú aláìsàn tirẹ̀. Nígbà tó parí, a kó wọn wá mu tíì. Mádáàmù kan láti Gánà, tó wà lára àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò, wá bá mi.

"Tíṣà, ó ku ọmọ yín kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ní kó wá jẹun, ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè gba aláìsàn lọ́wọ́ òun."

Mo ka àwọn ọmọ mi. Mẹ́fà ni wọ́n, búrẹ́dì wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Mo lọ. Mi ò mọ ohun tó gbé ẹsẹ̀ mi.

Abẹ́ igi máńgòrò ló wà, ó kúnlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Oòrùn ń ràn, ilẹ̀ gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n omi ń kán láti ara yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Àpò koríko wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀wù mi tó ya lọ́rùn ló wọ̀ ọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ti fi ọwọ́ ara mi sun ẹ̀wù yẹn.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ẹ ti dé, sà? Ṣé kí n máa lọ?"

Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ló ń retí. Mo la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi: àwọn ọmọ mẹ́fà náà ti tẹ̀ lé mi.

"Sà, kí lẹ ń wò?" Ṣúndé, olórí wọn, ló bi mí.

Wọn ò rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọn yóò gbọ́, wọn yóò sì mọ̀ pé mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́sí. Mo pa ẹnu dé. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan."

Nígbà tí mo máa wò ó padà, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilẹ̀ tutù ní ibi orúnkún méjèèjì.

A délé. Ìyá Lídíà ti ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú púpurù àti ẹja yíyan. Ó kúnlẹ̀ fún mi níwájú gbogbo èrò. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí ji ọma mi. Àìgbọràn rẹ̀ dójú tì yín."

Mo ní, "Mo ti forí jì í, ìyá." Mo gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, mo ti lọ sí etí odò yẹn lémi nìkan, mo ti sọ "Mo gbà á, máa lọ" títí ohùn mi fi há. Kì í wá síbẹ̀. Ibi tí èrò bá wà ló ti máa ń wá: ní ìkórè ìjọ, ní ọjọ́ tí a ń fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ṣì ń sáré.

Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí ìyá rẹ̀ náà fi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Lídíà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, omi ń kán lára rẹ̀. Wọ́n ní kí tíṣà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo dìde. Lídíà yíjú sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo ní èèyàn rere ni olóògbé. Mo sì jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ, bí ẹ bá ní kí ọmọ dúró dè yín, ẹ padà lọ. Bí ẹ bá sì gbàgbé, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé láti gbọ́.