Ìró Ìyá Mi Lórí Omi

Láàárọ̀ yìí ní Kétu, mo fọ ìró ìyàwó mi tó ti dolóògbé, mo sì sá a sórí okùn. Atẹ́gùn kó sínú rẹ̀, ó wú, ó gbá pàà. Mo rántí ọkọ̀ onígbòkun tí bàbá mi fi gbé èmi àti ìyá mi lọ lo ìsinmi láàárín àwọn erékùṣù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí omi níbẹ̀, ìgbòkun wa ya, omi sì ń gbé wa jìnnà sí etíkun. Ìyá mi tú ìró òkè, èyí tó ń run káńfọ̀.

"Ìyá Káyọ̀dé, aṣọ ìgbéyàwó wa nìyẹn!" ni bàbá mi kígbe.

"Ṣé aṣọ ni mo fẹ́ ni, àbí ẹ̀yin? Ẹ so ó sípò ìgbòkun, jàre."

Ìyá mi gba àjẹ̀, ó ń tukọ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ náà mú títí a fi gúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Mo rò pé ó ń bínú nítorí aṣọ ni.

Mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe aṣọ ló ń bẹ̀rù àtipàdánù.

Ìró orí okùn ti gbẹ tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò tíì kúrò létí rẹ̀.