Eyín Bàbá Olú

Ọjọ́ tí Bàbá Olú kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ mi, ohun tó fi dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i ni pé òun kò fẹ́ eyín.

"Ìyàwó mi ló fẹ́ ẹ, ọmọ mi," ó wí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. "Ṣe é fún un."

Ìyàwó rẹ̀, Màmá Olú, jókòó tì í, ó di etí agbádá rẹ̀ mú bí ẹni pé Bàbá fẹ́ sá lọ. Ìlú Ìpele ni wọ́n ti wá. Àgbẹ̀ ni Bàbá, òun ló sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn kí eyín òkè rẹ̀ tó ká tán. Látìgbà náà, kò kàwé fún ìjọ mọ́, kò sì rẹ́rìn-ín láwùjọ.

Èmi kọ́ ni dókítà tó ń yọ eyín o. Yàrá ẹ̀yìn ni tèmi, nílé ìwòsàn kan nílùú Ọ̀wọ̀, níbi tí mo ti ń to eyín àtọwọ́dá títí mo fi fẹ̀yìntì. "Ìyá Eléyín" ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá lọ ra iṣu, àwọn kan á kọ́kọ́ yanu sí mi kí wọ́n tó kí mi.

Bí mo ṣe ń po ohun rírọ̀ tí a fi ń gba àpẹẹrẹ èrìgì, Bàbá ń wàásù.

"Ayọ̀ kò sí lẹ́nu. Ẹni tí ohun tó ní bá ti tó o, ó ti débẹ̀. Mò ń jẹ ẹ̀kọ, mò ń jẹ iyán tó bá kúnná. Kí ni mo tún ń wá?"

"Ìtẹ́lọ́rùn lẹ̀ ń wí yẹn, Bàbá Olú," Màmá fèsì. "Ayọ̀ yàtọ̀. Èèyàn kì í dá yọ̀."

Ó fẹ́ fèsì, àmọ́ mo ti ti ohun rírọ̀ náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Màmá ló borí lọ́jọ́ náà.

Èmi náà ní èrò tèmi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wọlé tọ̀ wá pé, "Eyín ń dùn mí." Bí dókítà bá tọ́jú wọn tán, wọ́n á ní, "Inú mi dùn." Mo wá gbà pé gbogbo ohun tí ayọ̀ jẹ́ nìyẹn: kí ohun tó ń dun ni kúrò. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kan tó ń dun Bàbá, síbẹ̀ n kò rí ayọ̀ lójú rẹ̀.

A kì í ṣe eyín parí lẹ́ẹ̀kan. Orí ìda la kọ́kọ́ máa ń tò ó sí, kí ẹni tó ni ín fi wò lẹ́nu, ká lè tún un ṣe. Mo to ti Bàbá gún régé bí àgbàdo tuntun. Nígbà tí wọ́n padà wá, ó fi í sẹ́nu, ó wo dígí, ó ní ó dára. Màmá dìde, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ti Bàbá títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó wò ó pẹ́. Omi dé sí i lójú.

"Ta nìyí?"

"Màmá, kí ló dé?" mo bi í.

"Kò sí èjí níbẹ̀. Ọkọ mi ní èjí."

Ta ló máa sọ fún mi? Bàbá kì í ká ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

"Ìyá Olú," Bàbá wí, "kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi èjí ṣe?"

Màmá padà jókòó. "Ojú mi ń lọ," ó wí jẹ́ẹ́. "Dókítà ojú ní èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́, èyí tó kù náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. N ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún yín. Mo kàn fẹ́ rí ẹ̀rín yín kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bàbá yọ eyín náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi fi èjí sí i."

Mo mú ọ̀bẹ gbóná nínú iná, mo fi ya eyín iwájú méjèèjì kúrò lára wọn nínú ìda. Màmá ń darí mi: ó fẹ̀ jù, ó ha jù, títí ó fi ní, "Ó tó. Òun nìyẹn."

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbà á, Màmá rán ọkọ rẹ̀ létí òbúkọ tó lé àlùfáà kiri lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ojú sókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Màmá ń wò ó ṣáá. Mo kọjú sí ògiri, mo ń nu tábìlì tó ti mọ́.

Àwọn tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo kọ́ wọn pé kí wọ́n tó to eyín fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n bi ará ilé rẹ̀ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, mo yà kí wọn ní Ìpele. Màmá kò ríran mọ́. Bàbá ló ń gúnyán báyìí, eyín náà sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo máa ń gbọ́ ọ," Màmá wí. "Bí atẹ́gùn bá ti gba àárín èjí yẹn, mo ti mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín."

Bàbá ní, "Ohun tí mo ní ṣì tó mi, ọmọ mi. N ò kàn mọ̀ pé Ìyá Olú ló ni ẹ̀rín mi ni."

"Ẹ bu iyán fún àlejò," Màmá wí, "kó má tutù."

Bàbá dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó lọ bù ú wá.