Ìbílọlá àti Òfin Ẹ̀dà Ọfọ̀

Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni Ìbílọlá ti ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ọ́wọ̀. Kò sí lẹ́tà kan tó jáde níbẹ̀ tí kò gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló máa ń fọwọ́ sí i. Bí ìwé náà bá dára, ọ̀gá ló kọ ọ́. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, wọ́n á ní Ìyá Monica, bí wọ́n ṣe ń pè é, ló tẹ̀ ẹ́. Ó ti gbé e mì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn sì rò pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú.

Ní ọdún 1996, ọ̀kadà gbé e ṣubú nígbà tó ń ti oko ìyá rẹ̀ ní Isuada bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó sì lo oṣù mẹ́ta nílé. Àsìkò yẹn ni àbúrò rẹ̀, Christopher, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fi páálí káàdì kan ránṣẹ́ sí i pé kó máa fi dá ara yá. Káàdì náà kì í ṣe Wọ́ọ̀tì o. Eléré kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀mí ogún. Ọfọ̀ wà lórí àwọn káàdì náà tí èèyàn lè pè lé ẹni tó ń bá a ta lórí, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá sì kọ́kọ́ tán ti kú nìyẹn. Ìwé òfin kékeré kan bá a wá, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́ bí iyanrìn. Ìbílọlá kà á lákàtúnkà.

Òfin tó le jù níbẹ̀ ni ti ẹ̀dà. Káàdì kan wà tó ń jẹ́ Gbohùngbohùn. Bí ẹnì kan bá pe ọfọ̀ lé ọ lórí, tí o sì já Gbohùngbohùn kí ọfọ̀ náà tó ṣiṣẹ́, ìwọ náà ti ní irú ọfọ̀ yẹn gẹ́lẹ́. Ìwọ tí o dà á kọ ni wàá sọ ẹni tí ẹ̀dà náà máa bá, ẹ̀dà tìrẹ ló sì máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni Ìbílọlá fi wà lórí òfin yìí kó tó yé e. Nígbà tó yé e, kò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Múdàṣírù tó ń tún rédíò ṣe nítòsí Ọjà Ọba ni Ìbílọlá kọ́kọ́ kọ́ ní eré náà. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń ta á ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Láníyì gbé rédíò wá fún àtúnṣe, ó rí wọn nídìí káàdì, ó sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Òun ló kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, tó sì kó Olúgbádé, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wá. Kó tó di ìparí ọdún, wọ́n ti di mẹ́rìnlá. Káàdì Ìbílọlá ni gbogbo wọn ń yá ta. Torí pé gbogbo wọn kọ́ ló lè ka ìwé òfin yẹn, Ìbílọlá yí i sí Yorùbá, ó tẹ̀ ẹ́ sórí sítẹ́ńsù, bébà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀dà jáde, ó pín in fún wọn lójú ewé mẹ́fà. Láníyì yá ìwé òfin tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá gan-an. Nígbà tí Ìbílọlá bèèrè rẹ̀, ó ní òun kò mọ ibi tó wà mọ́.

Ní ọdún 1998, àwọn tó ń ta káàdì náà n'Íbàdàn kọ̀wé pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ẹnì kan ránṣẹ́ wá díje. Láníyì sọ ara rẹ̀ di alága, ó tún sọ ara rẹ̀ di adájọ́. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Lọ́jọ́ àṣekágbá, nílé Láníyì, àwọn méjì tó kù ni Ìbílọlá àti Olúgbádé.

Eré náà gbóná. Nígbà tó yá, ẹ̀mí mẹ́rin ló kù fún Ìbílọlá, mẹ́ta ló kù fún Olúgbádé. Olúgbádé já káàdì kan tó ń gba ẹ̀mí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan.

"Mo pe Mànàmáná," ó ní. "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni mo pè é lé."

Ìbílọlá rọra fi Gbohùngbohùn lélẹ̀. "Mo dà á kọ. Ìwọ ni ẹ̀dà tèmi máa bá."

Gbogbo ilé pariwo. Olúgbádé fúnra rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín, ó ti na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, nígbà tí Láníyì dìde.

"Ẹ dúró ná. Ẹ̀dà kò lè yà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n pe ọfọ̀ lé. Ìyá Monica ni Mànàmáná bá, òun náà ni ẹ̀dà máa bá. Ó ti kú. Olúgbádé ló borí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé òfin ni. Ojú ewé kẹrin. Ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀."

Ó nà án sí i. Ìbílọlá kà á, lóòótọ́, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àbí òun ló ṣì í tẹ̀? Ó tún un wò. Ẹ̀rọ tó ń lò ní ọ́fíìsì ní àléébù kan, ìrù lẹ́tà g rẹ̀ ti gé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ṣí ojú ewé kẹta, g ibẹ̀ kò nírù. Ó ṣí ìkarùn-ún, kò nírù. Gbogbo g ojú ewé kẹrin ló nírù gbọọrọ.

"Ẹ̀rọ mi kọ́ ló tẹ èyí," ó ní. "Ọ̀gá Láníyì, ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Múdàṣírù kò dúró gbọ́ èsì. Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú ìwé tirẹ̀ tó ti gbà láti ọdún àkọ́kọ́ wá, ó sì kà á sókè: *Ẹni tó da ọfọ̀ kọ ló máa yan ẹni tí ẹ̀dà máa bá.*

"Ti àtijọ́ nìyẹn," Láníyì ní. "Ìgbìmọ̀ ti tún un ṣe."

"Ìgbìmọ̀ wo? Ọjọ́ wo lẹ jókòó? Ta ló wà níbẹ̀?" Ìbílọlá ti fi Yorùbá àwọn olùkọ́ sílẹ̀, èdè Ọ̀wọ̀ ló ń dà bo ọkùnrin náà lójú báyìí.

"Ẹ wò ó, Ìyá Monica, títẹ̀ ni iṣẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàwé túmọ̀ òfin."

Ìbílọlá kò bú u. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì rẹ̀ lórí tábìlì, tiẹ̀ àti ti Olúgbádé, títí dé èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń wòran. Kò sẹ́ni tó dá a dúró, kò sì sẹ́ni tó gbè é lẹ́yìn yàtọ̀ sí Múdàṣírù. Ìyẹn dùn ún ju ọ̀rọ̀ Láníyì lọ. Olúgbádé ló lọ s'Íbàdàn, káàdì tí wọ́n yá níbòmíì ló sì kó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Olúgbádé yọ sí i ní ọ́fíìsì. Ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní Gbohùngbohùn ni wọ́n fi pa òun náà n'Íbàdàn. Ó fi ojú ewé kẹrin hàn wọ́n, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn?" Ìbílọlá bi í.

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n Láníyì ní agbára Gbohùngbohùn yín ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀."

"Dìde. Jókòó síbí."

Ó fi bébà sínú ẹ̀rọ. Olúgbádé ń sọ, òun ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Nígbà tó parí, ó fún un ní báírò. "Fọwọ́ sí i. Kọ orúkọ rẹ jálẹ̀jálẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, ìwé náà ti wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Múdàṣírù. Kó tó di ọ̀sán, Láníyì dé, ó fà á ya. "Ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́!"

"Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?" Ìbílọlá bi í. Ó na ọwọ́ sínú báàgì, ó mú òmíràn jáde, ó lẹ̀ ẹ́. Láníyì tún fà á ya. Ó tún mú òmíràn.

"Orí sítẹ́ńsù ni mo tún un tẹ̀ sí, ọ̀gá. Ọgbọ̀n ló wà nínú báàgì yìí. Ẹ máa fà á ya lọ."

Múdàṣírù rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Láníyì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Kò wá síbi káàdì mọ́, kò sì bẹ̀bẹ̀ títí di òní.

Àwọn tó kù padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ìbílọlá sì ń yá wọn ní káàdì. Ó jẹ́ kí Olúgbádé náà máa ta, ṣùgbọ́n kò bá a ṣàwàdà mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fúnmiọlá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló borí, òun ló lọ s'Íbàdàn. Àwọn àgbààgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní kí Ìbílọlá fi ọ̀rọ̀ Láníyì sílẹ̀, pé káàdì lásán ni. Ó ní kí wọ́n lọ sọ fún Láníyì kó wá sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn pé òun ló pààrọ̀ ojú ewé náà, ọ̀rọ̀ á sì parí lójú ẹsẹ̀. Láníyì kò wá. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà Iyere láàárọ̀, ọkùnrin náà á kí i pé, "Ìyá Monica, ẹ kú àárọ̀ o." Ìbílọlá á wo ojú rẹ̀ kòrókòró, kò ní dáhùn, á sì kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.